Ọmọ Tí Wọ́n Mú Bọ̀ láti Abijáǹ

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni màmá mi ní Ìlá, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Bí ọmọ kan bá sọnù, ilé wa ni yóò sùn títí wọn yóò fi rí àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gba ọ̀dọ̀ wa kọjá nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí wọ́n mú bọ̀ láti Abijáǹ ni ọkàn mi kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ojúgbà mi ni, ọmọ àgbẹ̀ láti abúlé kan lẹ́yìn Ìlá. Obìnrin kan tó ń ná ọjà Abijáǹ ló wá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun yóò mú un lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ará àdúgbò ni obìnrin náà, wọ́n sì gbà á gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà dé ọ̀hún, kò rí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan. Omi tútù ló ń kiri láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá délé, aṣọ gbogbo ilé ń dúró dè é. Bó bá sì bèèrè ìgbà tí òun yóò padà sílé, ẹgba ni.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbọ́ ẹnu Ìgbómìnà rẹ̀, ó bi í léèrè, ó sì mú un lọ bá aṣojú ìjọba wa. Àwọn ọlọ́pàá tọ̀hún gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn aládùúgbò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí tiwa, wọ́n sì mú ọmọ náà bọ̀ wálé. Nígbà tí obìnrin náà wálé ọdún, wọ́n mú un.

“Màmá, ṣé òfin wa dé Abijáǹ ni?” ni mo bèèrè.

Màmá rẹ́rìn-ín. “Kò débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè ti jọ fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò. Wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́. Adájọ́ wa ni yóò wá fi òfin tiwa dá ẹjọ́ rẹ̀.”

Kí àwọn ẹbí obìnrin náà má baà dẹ́rù ba ọmọ náà ní abúlé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n fi í sí títí ẹjọ́ fi parí. Ní òwúrọ̀ kan, Màmá bá a níbi tó ti ń fọ aṣọ gbogbo wa.

“Ta ló rán ọ?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, mà.”

“Ó dáa. Padà lọ sùn, ọmọ mi.”

Ó wo Màmá títí, ó sì bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí bá wa ṣeré. Ó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní èdè Faransé, bàbá mi náà a sì dá a lóhùn láìrẹ́rìn-ín: “Bọ́ńjúù, ìyá mi.”

Ní ilé ẹjọ́ ní Òṣogbo, lọ́yà obìnrin náà ní iṣẹ́ aránṣọ ni ọmọ náà kọ́, pé kò kiri ohunkóhun rí. Adájọ́ ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bojú wo Màmá, Màmá sì mi orí sí i.

“Ẹ má bínú, sà. Mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Báyìí ni mo ṣe ń polówó.”

Ó wá polówó omi ní èdè Faransé, bí ẹni tó wà ní òpópónà, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn aládùúgbò tọ̀hún ti sọ pé ó máa ń polówó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀wọ̀n ni adájọ́ rán obìnrin náà lọ.

Bàbá ọmọ náà ló wá mú un nílé wa. Ọkùnrin náà kò lè jókòó. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, Màmá sì yára dì í mú.

“Èmi ni mo fà á lé e lọ́wọ́,” ló ń sọ.

Ọmọ náà súnmọ́ ọn, ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. “Wọ́n tàn yín ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mo fẹ́ rí ìyá mi.”

Ó lọ sílé ìwé lẹ́yìn náà, ó sì di nọ́ọ̀sì ní Ọ̀tan Ayégbajú. Ọdọọdún ló máa ń wá kí wa. Ó ń pe màmá mi ní Ìyá Ìlá, mo sì máa ń jowú díẹ̀, nítorí pé ní kété tó bá ti wọlé, Màmá a gbàgbé pé èmi náà wà níbẹ̀.