Sẹ́ẹ̀lì Tí Bàbá Mákánjúọlá Hun

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Bàbá Mákánjúọlá ti ń hun aṣọ òfì n'Ísẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, àwọn oníbàárà sì ti ń yà sọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Ó dùn ún wọra. Ó ní bí iṣẹ́ kankan ò bá wọlé kí oṣù tó parí, òun á tú òfì òun palẹ̀.

Iṣẹ́ wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Níkẹ́, tíṣà báyọ́lọ́jì, fẹ́ kó hun sẹ́ẹ̀lì méjì, ẹyọ tín-ín-tín tó para pọ̀ di ìfun, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan àgbà, fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Ó gùn gbọọrọ bí aṣọ òfì tí ẹ ò tíì rán pọ̀, Bàbá. Nínú kòtò kékeré lára ìfun ni wọ́n ti ń bí i. Ní kékeré, okùn tó gbé e ró fọ́n káàkiri inú rẹ̀. Bó ṣe ń gòkè ló ń dàgbà, okùn á kóra jọ sókè ní ìdì-ìdì, wọ́n á yọ sí orí rẹ̀, wọ́n á dúró ṣánṣán bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ló fi ń gba oúnjẹ."

"Mo ti gbọ́. Ṣé èmi ni wọ́n ń kọ́ lówùú?"

Ó hun méjèèjì, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ahunṣọ gidi kì í fi òwú sílẹ̀ wúruwùru létí aṣọ. Ó mú abẹ, ó gé òwú orí sẹ́ẹ̀lì àgbà mọ́ rekete.

"Bàbá, ẹnu ẹ̀ lẹ gé dànù yẹn," ni Níkẹ́ wí. "Ebi ló máa pa á."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ojú bàìbàì yẹn náà ló fi mú abẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi so òwú padà níkọ̀ọ̀kan, tó fi ògì pa wọ́n títí wọ́n fi nàró.

Nígbà tí Níkẹ́ wá kó wọn, Bàbá béèrè pé, "Ọdún mélòó ni irú sẹ́ẹ̀lì yìí ń lò láyé?"

"Ọdún kẹ̀? Látìgbà tí wọ́n bí i, bí ọjọ́ márùn-ún, á ti já bọ́. Òmíràn á gba ipò rẹ̀."

Bàbá tún béèrè pé, "Ṣé ó máa ń jókòó retí kó bọ́ ni?"

"Rárá o. Iṣẹ́ ló ń ṣe títí tó fi ń bọ́."

Bàbá fa òfì rẹ̀ mọ́ra. "Bá mi bi wọ́n nílé ìwé, bóyá wọ́n á tún fẹ́ òmíràn."