Ẹ̀gbọ́n Mi Ló Ń Pàṣẹ

Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi jù mí lọ. Ìyá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, awakọ̀ tó máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà sì ni bàbá wa, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ló ń wẹ̀ mí, àwọn ló ń fún mi lóúnjẹ, àwọn náà ló ń nà mí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kí àìsàn wọn tó bẹ̀rẹ̀. Rédíétọ̀ ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe ní Owódé Onírin, gbogbo ìlà wa ló sì mọ̀ pé ẹnu mi ò dáa. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti jóná wá, màá kọ́kọ́ bú u kí n tó kí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí lórí fóònù, ńṣe ni mo máa ń dìde dúró láti dá wọn lóhùn. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bínú sí wọn, torí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ bíi pé ara lásán ló ń yún wọn. Wọ́n dá ọṣẹ lẹ́bi, wọ́n pààrọ̀ ọṣẹ. Wọ́n dá omi kànga ilé wọn ní Ìkòsì lẹ́bi. Nígbà tí ìtọ̀ wọn dúdú bíi sóbò, aládùúgbò wọn kan ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, ó sì gbé àgbo wá nínú ike ńlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi mu àgbo yẹn. Ọjọ́ Iléyá ni èmi rí i, nígbà tá a jókòó síta nínú oòrùn tí a ń pín ẹran: funfun ojú wọn ti pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀rù bà mí. Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo délé, mo lọ ń sọ fún ìyàwó mi.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bú gbogbo Owódé," ìyàwó mi ní, "ẹ ò lè sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n lọ hospital?"

Mo ní ta ló fẹ́ lọ sọ fún àgbàlagbà pé ojú ẹ̀ pọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan tún kọjá kí ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn tó ní kí n wá gbé àwọn lọ, torí wọ́n ti họ ara títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ta sí aṣọ ibùsùn.

Ilé ìwòsàn àdúgbò kò dá wa dúró rárá, wọ́n kọ̀wé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ní sùúrù. Lẹ́yìn oríṣiríṣi àyẹ̀wò, ó ya ẹ̀dọ̀ sórí ìwé, ó fa ìlà kan láti inú ẹ̀dọ̀ wá sí ìfun. Ó ní ọ̀nà tí òróòro ń gbà nìyẹn, pé jẹjẹrẹ ti hù síbẹ̀, ó ti dí i pa, òróòro sì ń padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó bá ti dí, iṣẹ́ mi ni. Mo sọ iṣẹ́ mi fún un, mo ní, "Ẹ gé ibi tó dí kúrò, kẹ́ ẹ fi páìpù tuntun sí i."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Daddy, páìpù eléyìí ò sí ní Owódé Onírin o."

Ó wá ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ náà ti so mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ẹ̀dọ̀, pé kò ṣeé gé. Ohun tí àwọn máa ṣe ni pé àwọn á ti páìpù tín-ín-rín kan gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi wọnú ẹ̀dọ̀, kí òróòro lè máa ṣàn sínú àpò kan níta. Bí ojú wọn bá ti mọ́, àwọn á bẹ̀rẹ̀ kẹ́mò láti dá jẹjẹrẹ náà dúró. Ó ní àwọn á dá a dúró. Kò sọ pé àwọn á wò ó sàn. Mo gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi náà gbọ́ ọ, torí olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ kì í fo etí wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi dókítà: "Ṣé mo ṣì lè jẹ ata?"

Wọ́n fi páìpù náà sí wọn lára, àpò rẹ̀ sì di iṣẹ́ mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì wà lókè òkun. Láràárọ̀, kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá kọ́kọ́ kúrò nílé mi ní Kétu lọ sọ́dọ̀ wọn. Màá fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi, màá da òróòro dànù, màá fi abẹ́rẹ́ ti omi iyọ̀ gba inú páìpù kó má baà dí, màá sì pààrọ̀ báńdéèjì. Ọwọ́ tí irin gbígbóná ti mọ́ lára ni mo fi ń ṣe é. Ìyàwó mi ní òun á máa ṣe é, torí obìnrin bíi tiwọn ni òun. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí mo fọ ìdí ẹ̀ ló máa fọ ara mi." Síbẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ògiri ni wọ́n kọjú sí títí mo fi ṣe tán. Èmi náà ò mọ ibi tí ǹ bá wò.

Ìrun ló dà wọ́n láàmú jù. Ṣé èèyàn lè gbé àpò òróòro sára kó sì máa kírun? Wọ́n pe ààfáà mọ́ṣáláṣí wọn. Ó ní kí wọ́n máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa kí i lọ, pé Ọlọ́run mọ aláìsàn. Inú wọn dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun padà lọ. Wọ́n fi àgékù àǹkárà rán ẹ̀wù fún àpò náà, wọ́n ní ohun tó bá fẹ́ bá àwọn kírun gbọ́dọ̀ múra.

Lọ́jọ́ kẹ́mò, a máa ń tètè jáde, nígbà tí àwọn tírélà tó kó tòmátò wá láti òkè Ọya ṣì ń já ẹrù ní Mile 12, ká lè dé kí èrò tó pọ̀. Màá jókòó tì wọ́n títí omi oògùn náà á fi kán tán. Wọ́n ní gbogbo oúnjẹ ló ti ń rùn bí irin lẹ́nu àwọn, pé ẹnu àwọn ti di ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi bà jẹ́.

Dókítà ti kìlọ̀ ohun kan fún àwa méjèèjì, ó sì kọ ọ́ sórí ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì wọn. Bí ara Mummy bá gbóná, tí òtútù ń mú wọn, tí wọ́n ń gbọ̀n, ká gbé wọn wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní páìpù lè dí, kòkòrò á sì bá òróòro wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nígbà òjò. Mo yà lọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án, mo bá wọn lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, eyín wọn ń gbá ara wọn.

"Àǹtí mi, dókítà ní..."

"Dókítà ní kí ni? Ibà ni. Ṣé o ò rí gọ́tà tó kún síwájú ilé ni? Ẹ̀fọn ò jẹ́ kí n rímú mí. Lọ ra oògùn ibà wá fún mi."

"Àǹtí, ìwé tó wà lára fíríìjì yẹn..."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn?"

Ọ̀rọ̀ tán. Mo lọ sí kẹ́mísì, mo ra oògùn ibà. Kí n má purọ́, èmi náà fẹ́ kó jẹ́ ibà. Láti kékeré wa, ẹni tí òtútù bá ń mú tó ń gbọ̀n, ibà ló ń ṣe é, a kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta, ó parí. Ní Sátidé, ó rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n mu ẹ̀kọ. Òróòro inú àpò kéré. Mo rí i pé ó kéré, mo sọ fún ara mi pé torí wọn ò jẹun dáadáa ni. Mo ní ọ̀rọ̀ àgbà, bí ò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Láàárọ̀ Sunday, nígbà tí mo wọlé, wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n yára lọ pọn omi, pé a máa pẹ́ dé ilé ìwé. Ojú wọn ti tún pọ́n. Àpò gbẹ. Mo gbé wọn mọ́ra bí ọmọ, mo gbé wọn sínú ọkọ̀, wọn ò sì wúwo rárá.

"Òtútù yìí, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" dókítà bi mí.

Mo ní Friday ni.

"Daddy, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín."

Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo. Mo rántí gbogbo awakọ̀ tí mo ti bú lẹ́nu iṣẹ́ mi: o rí i pé ọkọ̀ ń gbóná, o sì tún ń wà á lọ, ṣé orí ẹ pé? Mo lọ dúró sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, mo sunkún. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa kú.

Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Àwọn dókítà pààrọ̀ páìpù, wọ́n ń gba iṣan fún ẹ̀gbọ́n mi lóògùn. Fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá wọ́n á yè é. Nígbà tí iyè wọn sọ, dókítà ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni. Mo ní ẹ̀bi mi ni. Wọ́n ní kí n panu mọ́, wọ́n wá kọjú sí dókítà.

"Láti òní lọ, tó bá dọ̀rọ̀ àìsàn yìí, òun ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni àbúrò. Ohun tó bá sọ ni màá ṣe."

Mo lo àṣẹ yẹn bí ẹni tó ti ń wá a látọjọ́ pípẹ́. Mo lé àlejò tó ń wúkọ́. Mo da àgbo aládùúgbò sí gọ́tà níṣojú ẹ̀, kò sì kí mi mọ́ títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òtútù tún mú ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò tíì gbọ̀n dáadáa tí mo ti ń gbé wọn lọ sínú ọkọ̀. Wọ́n máa ń kùn lójú ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra wa mọ́tò o. Ẹ má pa mí kí jẹjẹrẹ tó pa mí." Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ bá mi jiyàn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì la tètè dé ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga. Mo gbà pé bí mo bá ṣáà ti ń ṣọ́ páìpù yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò ní kú.

Ní oṣù kẹrìnlá tá a ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, dókítà ní ká jókòó. Àwòrán tuntun tí wọ́n yà fi hàn pé kẹ́mò ò ká jẹjẹrẹ náà mọ́, ó ti ràn káàkiri inú ẹ̀dọ̀. Ó ní oògùn mìíràn wà. Ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó lè fi oṣù díẹ̀ kún ọjọ́ wọn, ó sì lè má fi nǹkan kan kún un, inú wọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ti máa lo èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọjọ́ náà. Tàbí ká máa lọ sílé, kí àwọn fún wọn lóògùn tí ìrora ò fi ní pọ̀, kí èmi sì máa tọ́jú àpò bí mo ṣe ń ṣe é.

"Mummy, èwo lẹ fẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí mi. "Ẹ bi í. Òun ni ẹ̀gbọ́n."

Mo rò pé wọ́n ń ṣeré. Mo wojú wọn, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo dúró kí wọ́n pàṣẹ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ ara mi, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Gbogbo ara mi ló fẹ́ kí n sọ pé kí dókítà gbé oògùn náà wá. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ayé tí ẹ̀gbọ́n mi ò sí nínú ẹ̀, mi ò gbé e rí. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mò ń pààrọ̀ báńdéèjì wọn láràárọ̀. Mo mọ bí egungun ìhà wọn ṣe yọ tó, mo sì mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó lè dìde lórí ẹní ìrun.

Mo ní, "A ń lọ sílé."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Mo di ẹ̀gbọ́n mi lápá mú títí wọ́n fi wọ ọkọ̀. A ti kọjá Anthony lójú ọ̀nà Ìkòsì.

"Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ yẹn," wọ́n ní. "Mo rò pé wàá ní kí n gba oògùn yẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ pé ẹ ò fẹ́ ẹ?"

"Ṣebí mo ti ní ohun tó o bá sọ ni màá ṣe. Tó o bá ní kí n gbà á, màá gbà á."

Mò ń wa ọkọ̀ lọ. Mi ò lè wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jókòó sí.