Lẹ́tà Mi sí Àwọn Àgbà Ìjọ

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka ìwé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́. Ohun tí wọ́n kọ nípa obìnrin àti ẹ̀sìn ni mo fi ń ṣiṣẹ́, pàápàá láyé ìgbà tí ẹ̀sìn Kírísítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹ̀sìn àwọn ọba. Bí mo bá dé Òmù-Àrán, ìlú wa, wọ́n á ní, "Purofẹ́sọ̀, kí lẹ wá fi ń ṣe fún wa báyìí?" Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Mo rẹ́rìn-ín sí i títí, ó sú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni kò bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí. Ìgbà tó máa pè mí, iṣẹ́ ló bẹ̀ mí.

Ìju, kókó inú ilé ọmọ, ló ń bá a fínra. Odidi oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí ìyá wa fi tọ́ wa dàgbà, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé ìsìn. Ìta ni ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó sí láti oṣù méje yẹn, lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ fèrèsé, nínú sùtánà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀. Dókítà ní Ìlọrin ti wá dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un.

"Kí n tó lọ sábẹ́ ọ̀bẹ," ó ní, "mo fẹ́ kúnlẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run, kí wọ́n gbàdúrà lé mi lórí. Ìwọ lo mọ ìwé àwọn ará àtijọ́. Bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ọpẹ́ ni. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ síyẹn.

Orí mi wú lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ mi wúlò nílé wa wàyí! Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin sí àwọn àgbà ìjọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì ni mo ṣe kọ ọ́: kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta kò ọ́ kalẹ̀, gbé e kalẹ̀ dáadáa, kó o tó fèsì. Lójú ìwé kìíní, mo sọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan ní Íjíbítì, tó lé ní igba ọdún lẹ́yìn Jésù, tó ní kí obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù má wọlé ìsìn. Lójú ìwé kẹta, mo mú ìwé àwọn ará Síríà jáde, tó ní Ẹ̀mí Mímọ́ kì í torí ẹ̀jẹ̀ fi obìnrin sílẹ̀, kó máa gbàdúrà rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti wá bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mo bọ́ bàtà, mo wọlé. Akọ̀wé ìjọ, bàbá arúgbó kan tó mọ̀ mí láti kékeré, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ka ojú ìwé kìíní látòkè délẹ̀. Ó bá ká lẹ́tà pọ̀.

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè! Àwa rò pé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa lòfin yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa ti lọ wá a kàn dé Íjíbítì! Ẹ fún un ní halelúyà méje!"

Wọ́n fún mi ní méjèèje. Èmi ẹ̀dá yìí! Mo rò pé bí mo bá ti fi hàn pé èèyàn kan ló ṣòfin, òfin ti fọ́ nìyẹn. Nílé wa, bí nǹkan bá ṣe pẹ́ tó la ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún un tó.

Mo dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó ṣì ku ojú ìwé mẹ́ta." Ìyá kan fà mí láṣọ jókòó, ó ní obìnrin kì í sọ̀rọ̀ láàárín ìsìn. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú.

Nígbà tí mo jáde, ẹ̀gbọ́n mi ń ká sùtánà rẹ̀ sínú ọ̀rá. Òkè orí rẹ̀ gan-an, lára ògiri ìta, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde kọ́, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò kà á tán ni. Tiyín wà lójú ìwé kẹta."

Ó wò mí. Kò tiẹ̀ bínú.

"Kí ló wá dé," ó ní, "tó o fi ti bíṣọ́ọ̀bù ṣáájú tèmi?"