Ọmọ Orogún Mi Tó Ń Ka Gbogbo Àkọlé

Ohun gbogbo tí wọ́n bá kọ nǹkan sí lára ni ọmọ orogún mi máa ń kà sókè: àpò sìmẹ́ǹtì, páálí ọṣẹ, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ló kà. Bí mo bá ní kó dákẹ́, á rẹ́rìn-ín: “Màmá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ṣáà kọ́ mi.”

Ibi ìwakùsà kan lọ́nà Kuta ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta. Wọn kò béèrè sátífíkéètì. Kí ẹnìkan ṣáà jẹ́rìí pé ó lè ka ìkìlọ̀ ara ẹ̀rọ. Ó fún wọn ní nọ́ńbà mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó mọ̀wé kà?” ni ọ̀gá wọn bi mí lórí fóònù.

Olóògbé ìyá ọmọ náà, orogún mi, ló sọ sí mi lọ́kàn, tó máa ń fi àìrọ́mọbí mi kọrin: “Ìwé kì í peni ní ìyá.”

Mo ní, “Rárá o. Kò dá A mọ̀.”

Nírọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú mi. “Ẹ ṣeun, Màmá. Òkúta ni wọ́n ní kí n máa rù, àmọ́ wọ́n gbà mí nítorí yín.”

Mo wolẹ̀. Mo ní, “Ọlọ́run á gbé ẹ ga.”