Ajagun Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Pè

Lánàá ni ẹṣin méje gba iwájú ilé wa kọjá ní Sagnarigu, lápá àríwá Ghana, wọ́n ń lọ síbi ọdún Dámbà àwọn Dàgómbà onílẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ pátákò wọn lórí ọ̀dà, mo ju ìrẹsì tí mo ń ṣà sílẹ̀, mo sáré bọ́ síta. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín! Èmi náà ti jẹ́ olólùfẹ́ ajagun orí ẹṣin rí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Tíṣà wa kọ eré nípa ajagun ayé àtijọ́ kan tó gẹṣin wá gba ilẹ̀ Dàgómbà, tó sì jọba. Ọmọ Àáfà, ará Ìlọrin tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ni ajagun. Nítorí wọn kì í fi orúkọ ọba ṣeré, orúkọ ọmọ náà gan-an ni ajagun ń jẹ́. Èmi ni olólùfẹ́ rẹ̀. Bó bá gbé iná dé láti jó ìlú wa, kí n pe orúkọ rẹ̀, yóò sì dúró.

Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ta ló gbọ́ kí ìyàwó pe ọkọ lórúkọ? Ìyá mi bí ọmọ mẹ́fà, "Bàbá Délé" ló ń pe bàbá mi. Gbogbo ìgbà tí a bá ń dánra wò, ẹnu mi a tì pa.

Tíṣà ní, "Bí o kò bá pè é lọ́la, Fúséínà ló máa ṣe é."

Kí n gbé ajagun mi fún Fúséínà kẹ̀? Láéláé!

Ọjọ́ pé. Pápá kún fọ́fọ́. Ó gẹṣin dé, láwàní lórí, ìdì koríko tó ń jó lọ́wọ́. Háà, ó rẹwà! Mo lanu, orúkọ kò jáde. Mo kúnlẹ̀ gbàá nínú eruku.

"Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jó ilé wa!"

Tíṣà dorí mú. Àmọ́ ọmọ Àáfà fa ìjánu, ó ju iná nù, ó bọ́ sílẹ̀, ó fà mí dìde. Àwọn ìyá wa hó yèè. Àwọn Dàgómbà tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá ń pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ sílé. Bàbá mi rí ìwé gbà. Àáfà kò rí. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí lọ́rì wọn ń lọ. Orúkọ kan péré ni ì bá mú un wẹ̀yìn. N kò pè é.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi a ké "Kwame!" láti ilé ìdáná, ọkọ rẹ̀ a sì jẹ́ ẹ láti balùwẹ̀. Ìgbéyàwó wọn sì dùn, n kò lè purọ́.

Èmi lọ́kọ, mo bímọ, mo sin ọkọ mi. Síbẹ̀ ẹ rí i pé "ọmọ Àáfà" ni mo ń pe ọmọkùnrin yẹn láti òwúrọ̀. Ẹnu mi kọ̀ ni. Orúkọ ọkọ ni.