Ọjọ́ Tí Mo Ka Ọmọ Fún Alhaja

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akáńtáǹtì ní ìlú Ọ̀yọ́, mi ò sì tíì sọ ọ́ ní gbangba rí. Lọ́sẹ̀ yìí ni èsì ìdánwò tí mo fi parí gbogbo ìdánwò iṣẹ́ yìí jáde. Mo yege! Bí inú mi ṣe ń dùn tó yẹn, ọ̀rọ̀ Alhaja kan ni mo ṣáà ń rántí. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ilé wa ò jìnnà sí Ọjà Igbó. Díákónì ni bàbá mi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún ìjọ. Nígbà tí mo parí ní poli, tí mo sin ilẹ̀ baba mi tán, tí iṣẹ́ ò dé, gbogbo ìjọ ló gbọ́. Wọ́n á ní kí n dìde dúró kí wọ́n gbàdúrà fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sílé láìníṣẹ́ rí, ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára tí wọ́n bá ń dárúkọ yín nínú àdúrà ní gbogbo ọjọ́ Sunday? Mo ṣe tíṣà díẹ̀, mo bá wọn jókòó ti POS ní Takie, ọdún ń gorí ọdún.

Nígbà tí ọ́fíìsì àwọn ọ́dítọ̀ kékeré kan ní Ọ̀yọ́ wá pè mí, bàbá mi jáde síwájú ìjọ, wọ́n jẹ́rìí, wọ́n jó. Ohun tí wọn ò sọ fún ìjọ ni pé àwọn ará ọ́fíìsì náà ní kí n kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ ná, kí wọ́n fi wo ọwọ́ mi. Tí iṣẹ́ mi bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbà mí. Tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí n di ẹrù mi. Kí n di ẹrù padà sáàárín ìjọ tó ti bá wa ṣọpẹ́ tán? Ẹ gbà mí o!

Alhaji ni ọ̀gá wa, àgbàlagbà tó ti hu ewú, èèyàn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé ohun tí ojú rẹ ò bá rí, má fọwọ́ sí i. Bí oníbàárà bá ní sìmẹ́ńtì kún ilé ìkẹ́rùsí òun, dìde lọ síbẹ̀ kí o lọ kà á. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Mo tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ jù, bí ẹ ṣe máa rí i.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá èmi nìkan rán ni ti ilé ìwé aládàáni kan nínú ìlú. Alhaja àgbà kan ló ni ín. Wọ́n fẹ́ kọ́ kíláàsì sí i, báǹkì tó máa bá wọn gbé owó rẹ̀ kalẹ̀ sì ní àfi kí ọ́dítọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìṣirò ilé ìwé náà wò. Nítorí pé owó ilé ìwé ló ń wọlé fún wọn, ó di dandan kí a mọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀gá ní kí n lọ fojú ara mi rí i. Ojú ni wọ́n sọ o, wọn ò dárúkọ ọwọ́!

Mo débẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ ṣì wà lórí assembly. Mo kúnlẹ̀ kí Alhaja dáadáa, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní kí wọ́n gbé àga wá. Èmi ò jókòó. Iṣẹ́ ti ń gùn mí! Mo bọ́ sáàárín àwọn ọmọ náà, mo fa bíírò yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kàn wọ́n lórí lọ́kọ̀ọ̀kan: "One! Two! Three!"

Àwọn ọmọ rò pé eré ni. Ni gbogbo assembly bá ń gbè é! "Ten! Eleven! Twelve!" Ohùn wọn gba gbogbo àdúgbò. Orí mi ń wú, mo ní àwọn ọmọ yìí mà fẹ́ràn akáńtáǹtì.

Ariwo kan tó ta lẹ́yìn mi ló mú kí n dúró. Alhaja ni. Ìborùn wọn ti ré bọ́ sí èjìká, wọn ò tiẹ̀ mọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló rán ẹ sí mi? Wọ́n ń ka ọmọ fọ́lọ́mọ ni? O tún wá ń kan nǹkan mọ́ wọn lórí bí ẹni ń ka ewúrẹ́?"

Mo tún kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé iṣẹ́ ni. Wọ́n ní kí n gbé iṣẹ́ mi kí n máa lọ, àwọn á wá ọ́dítọ̀ mìíràn tí wọ́n kọ́ nílé.

Ṣé mi ò gbọ́ ọ rí ni? Mo gbọ́ ọ! Ìyá àgbà mi ńkọ́, tó jẹ́ pé bí o bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, "A dúpẹ́" ni wọ́n máa fi dá ẹ lóhùn, tí wọ́n á sì máa bá ohun tí wọ́n ń ṣe lọ. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ? Ìwé ló gbà mí lọ́kàn. Lójú mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àpò sìmẹ́ńtì ni gbogbo wọn.

Mo gun ọ̀kadà padà sí ọ́fíìsì, mo ń sunkún lẹ́yìn ọlọ́kadà. Kí n tó dé, Alhaja ti pe Ọ̀gá lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti ń ro ohun tí bàbá mi máa sọ fún ìjọ.

Ọ̀gá ò pariwo. Wọ́n wò mí, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ní ó yá, ká jọ lọ.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Alhaja, mo rò pé wọ́n máa tì mí síwájú pé ẹlẹ́ṣẹ̀ rèé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ọ̀gá mi, pẹ̀lú gbogbo ewú orí wọn, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja!

"Alhaja, èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo rán an, mi ò sì sọ bó ṣe máa jẹ́ ẹ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ bá wí."

Ilẹ̀ ni èmi náà wà. Inú mi bà jẹ́, inú mi sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Lẹ́yìn bàbá tó bí mi, ta ló ti gba ẹ̀bi mi rù rí?

Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde. Wọ́n jókòó, ohùn wọn sì rọlẹ̀. Wọ́n wá sọ pé àwọn ò bímọ rí. Wọ́n lọ́kọ, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí èèyàn ń ṣe, kò bọ́ sí i. Ìgbà tí wọ́n dá ilé ìwé yẹn sílẹ̀ ni ẹnìkan tó kọ́kọ́ pè wọ́n ní ìyá. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kì í sanwó, àti pé ilé àwọn làwọn mìíràn ń sùn.

"Ẹlòmíì lè pè wọ́n ní ọmọ ilé ìwé," Alhaja ló wí bẹ́ẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí lèmi bí."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu, mo kàn gbọ́ tí mo ń sọ ọ́.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè gbà kí a fún wọn lẹ́bùn? Pẹ́ńsùlù kọ̀ọ̀kan. Iye tí a bá rà wá, mo máa mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá gbà á tán, pẹ́ńsùlù tó ṣẹ́kù ni mo máa kà. Mi ò ní ka ọmọ kankan."

Ọ̀gá wò mí. Alhaja wo Ọ̀gá. Ni Alhaja bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú.

"Pẹ́ńsùlù ò ní ìyá," wọ́n ní. "Máa kà á!"

Ọ̀gá tọwọ́ bọ àpò, mo ra pẹ́ńsùlù ní Ọjà Akẹ̀sán, a padà lọ. Àwọn ọmọ tò, Alhaja fúnra wọn ló ń pín in, wọ́n ń gbé ọwọ́ lé orí kálukú, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ọmọbìnrin kékeré kan fi tirẹ̀ pamọ́ sínú híjáàbù, ó tún lọ tò sẹ́yìn! Alhaja ò tiẹ̀ gbójú sókè tán: "Rìsíkátù, o ti gbà." Orúkọ gbogbo wọn pátá ni wọ́n mọ̀. Wọn ò kà wọ́n rí, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan tó lè sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Ọ̀gá kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, àwọn tó ń sanwó lọ́tọ̀, àwọn tí Alhaja ń tọ́ lọ́tọ̀, báǹkì ò sì rí àléébù kankan níbẹ̀. Nígbà tí oṣù ìdánwò mi pé, wọ́n gbà mí. Mo bi Ọ̀gá pé kí ló dé tí wọn ò lé mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òǹkà mi tọ̀nà, ibi tí mo dúró sí kà á ni kò dáa!

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ́ ọ dójú àmì, àmọ́ ẹ má gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé sílé. Èèyàn la ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín máa ṣì í ṣe, kò sí bí kò ṣe ní ṣì í ṣe. Ẹ bá a gbé e. Ẹni tí ẹ bá bò láṣìírí lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, títí ayé ni yóò máa súre fún yín.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló dọ̀bálẹ̀ nítorí yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká jọ kà á. Àmọ́ tí ẹni náà bá ṣì wà láyé, ẹ kọ́kọ́ pè é ná. Èmi ti pe Ọ̀gá, mo ní mo yege. "Alhamdulillah" ni wọ́n ń wí ṣáá.