Ó Kú Sórí Bẹ́ǹṣì, Ó Ń Dúró De Aago Ìjọba

Ọ̀rẹ́ mi kú sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ tó gbẹ̀yìn, níbi ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lóṣù tó kọjá. Káàdì ọkọ̀ ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì omi tó ti ṣófo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fìlà bò ó lójú. Ọkọ̀ kan ti kọ́kọ́ wá, ó ṣílẹ̀kùn, ó tilẹ̀kùn, ó lọ, kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ àfi awakọ̀. Ìkejì dé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ó ti tó àkókò o, ẹ máa bọ̀." Bàbá ò dáhùn. Awakọ̀ rò pé yẹ̀yẹ́ ni, torí ẹni tó bá mọ ọ̀rẹ́ mi mọ̀ pé ó lè ṣe bí òkú kó ṣáà lè rí ẹ̀rín rín. "Bàbá Gbìn-ín-síbẹ̀, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí o." Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ mí. Èmi Onítáyà ni. Ìwé tí mo kà kò kún ọwọ́. Olùkọ́ tó ní orí mi le bí àpáta, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá báyìí kí n bá a lẹ̀ ẹ́, mo sì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tún ìwà ara mi ṣe. Kò sí bọ́ọ̀sì ìjọba kan nílùú yìí tí ọwọ́ mi ò tíì kan táyà rẹ̀. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, kí àwọn tó wọ kóòtù dákẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọgbà ọkọ̀ la ti pàdé, èmi nídìí táyà, òun nídìí ọṣẹ àti omi. Ó fọ ọkọ̀ ìjọba títí irun orí rẹ̀ fi funfun bí ìhó ọṣẹ. Wọ́n ń pè é ní Gbìn-ín-síbẹ̀ torí pé bó bá jẹ èso tán, kì í sọ kóró nù. Á wo ilẹ̀ yíká, á ní, "Gbìn ín síbẹ̀." Ó gbin ọsàn sẹ́yìn ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Ọ̀gá bínú. Ó ní, "Ẹ ní sùúrù sà, ẹ̀yin náà lẹ máa jẹ ẹ́." Ọ̀gá fẹ̀yìn tì kí igi náà tó so. Èmi ni mo jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Nígbà tí ìjọba yọ owó ìtọ́jú igbó sílẹ̀, wọ́n kó àwọn ọmọ igi wá sí ilẹ̀ òkúta yẹn. Wọ́n gbìn ín, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀. Wọ́n ya ẹyẹ kan sára pátákó, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò rí kó bà níbẹ̀ rí. Wọ́n bá tiwọn lọ. Òfin owó náà ní kí wọ́n gbin igi. Kò ní kí ẹnikẹ́ni bomi rin ín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ní í bímọ tí kì í fún un lọ́mú? Ọ̀rẹ́ mi rí i bí ewé ṣe ń ká kò. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé kẹ́ẹ̀gì ni.

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń bomi rin ọmọ igi, kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n òfin ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ní àgbà ò gbọdọ̀ lo káàdì rẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, kó má bàa gba ìjókòó mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ wo ló ń lọ sí ilẹ̀ òkúta láàárọ̀? Òkúta? Òfìfo lọkọ̀ ń lọ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi á fẹsẹ̀ rìn lọ, á bomi rin igi tán, á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí aago ìjọba yóò fi gbà kó relé. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò sanwó. Ó ní ẹni tó fọ ọkọ̀ títí ó fi darúgbó kò ní ra ohun tí wọ́n ti fún un.

Mo ní kí n máa fi ọkọ̀ akẹ́rù mi gbé e.

"Onítáyà, ọkọ̀ rẹ ń tu èéfín sórí ewé mi."

"Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn ńlá lò ń bú yẹn."

"Èèyàn ńlá yẹn ni kó máa tu ú sí."

Ìgbà tó yá, ilé aṣòfin yan ìgbìmọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níwájú wọn lọ́jọ́ kan náà: òfin ọkọ̀ ọ̀fẹ́, àti bí wọ́n ṣe ná owó igbó. Wọn ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń rin ọ̀rọ̀ méjèèjì. Wọ́n ní kí àwọn àgbà wá sọ tẹnu wọn, ọ̀rẹ́ mi sì forúkọ sílẹ̀. Aago wo ni wọ́n wá fi ìpàdé sí? Aago mẹ́sàn-án. Àwọn tó fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, wọ́n ní kó gba ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an wọlé.

Mo tún ní kí n gbé e. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ òfin wò, jẹ́ kí wọ́n rí i bó ṣe ń rìn. Pípẹ́ tí mo bá pẹ́ ni ẹ̀rí mi." Lẹ́yìn tó bomi rin igi tán, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ la jọ wọ̀. Èmi náà ní káàdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé mo lówó ọkọ̀. Ó wọ aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ́nà na ọwọ́ sí wa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Wọ́n ti parí ti àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ igbó ni wọ́n wà báyìí."

"Ìyẹn náà dáa. Igbó ni mo ti ń bọ̀."

"Orúkọ yín ò sí lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀ igbó, Bàbá."

"Ọmọ mi, wo bàtà mi. Ta ló tún ní ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú ilé yìí?"

Aṣọ́nà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ṣílẹ̀kùn. Bí a ṣe ń padà lọ, ọ̀rẹ́ mi ń ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀, ó ní aṣọ́nà ni alága òun, òun sì ti jẹ́rìí òun tán. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ sọ̀.

Ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ jáde lọ́sẹ̀ tí a sin ín. Wọ́n ní òfin ọkọ̀ ń lọ déédéé. Wọ́n ní igbó náà ń dàgbà dáadáa, wọ́n gbóríyìn fún àwọn tó ná owó rẹ̀. Nípa ọ̀rẹ́ mi, wọ́n kọ ọ́ pé, "A pè é, kò wá."

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ, ló ní kí n kà á fún òun. Mo kà á díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe ń ka nǹkan. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

"Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni. Wọ́n lè ní ó ń gbé ẹrẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni, èmi ni mo ń gbá a. Àmọ́ kí wọ́n sọ pé wọ́n pe ọkọ mi, kò jẹ́? Ẹni tí mo fọwọ́ ara mi lọ aṣọ rẹ̀? Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ á ka èyí o, Ẹ̀gbọ́n. Èyí nìkan ni ìwé ìjọba tó sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Mo ká ìwé náà, mo fi í sápò.

Mi ò sọ pé òfin ló pa á. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló kàn dákẹ́, ọjọ́ sì ti lọ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ohun tí mò ń bèèrè ni pé, igbó tí ẹ ní ó ń dàgbà yìí, ta ló ń fún un lómi? Ta lẹ gbóríyìn fún? Ẹyẹ orí pátákó? Ẹ wá wò ó báyìí. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ là ń pọn omi rẹ̀ láàárọ̀. Èmi tí mo ní ọmọṣẹ́ tó kún ṣọ́ọ̀bù, èmi náà ni mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó síwájú ọkọ̀ mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín mà ń tu èéfín o." Ó jogún ẹnu ọkọ rẹ̀.

Nítorí náà, Alága ìgbìmọ̀, mo fẹ́ kí ẹ wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn láàárọ̀ kan, láìsí mọ́tò ìjọba, kí ẹ máa wo ọkọ̀ òfìfo bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún yín tí ẹ ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ sọ ẹni tó fi ìpàdé àgbà sí aago mẹ́sàn-án. Ẹ sọ ẹni tó rí owó pátákó, tí kò rí ti omi. Ẹ mú aago kúrò lára káàdì wa. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹ ṣí ìjábọ̀ yín, kí ẹ fa ilà gba orí "kò wá", kí ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì mú un wá fún aránṣọ kan tó ń dúró. Kò gùn rárá. Èmi tí wọ́n ní orí mi le bí àpáta lè kọ ọ́ fún yín: Ó wá, ní aago tí òfin yín gbà fún un.